Ìwúkàrà inú ìborí opó

Ìyá Moróhùnfólú, ẹ fi ìkòkò aró yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ èyí! Ọkùnrin kan wà ní ìlú òtútù, Júù ni, búrẹ́dì ló ń ṣe jẹun. Ìwúkàrà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, á ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Opó kan tó ń gbé lódìkejì ilé rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó fún òun ní díẹ̀, kí òun lè máa ṣe búrẹ́dì Sábáàtì fún àwọn ọmọ òun. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ sú u, ó já bíńtín sí i lọ́wọ́, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ni inúnibíni bá dé. Wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n ń kó wọn lọ. Kálukú gbé ohun tí apá rẹ̀ ká, ó di sísá. Ẹlòmíì gbé ọ̀pá fìtílà fàdákà, ẹlòmíì gbé àwòrán ìyá rẹ̀. Oníbúrẹ́dì gbé ìkòkò ìwúkàrà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìwúkàrà tí kò bá rí ìyẹ̀fun jẹ, kíkú ni, nítorí náà ìkòkò yẹn ló kọ́kọ́ ń bu ìyẹ̀fun sí kí òun fúnra rẹ̀ tó jẹun.

Ní ibodè, ṣójà kan já ìkòkò náà gbà. Ó ṣí i, ó yínmú, ó là á mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí òkè òkun. Oníbúrẹ́dì káwọ́ lérí, kò mọ ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Opó yẹn wọlé tọ̀ ọ́, ó tú ìborí rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Èyí tí ẹ fún mi nílé, mo fi pa ìborí yìí lára, ó sì gbẹ síbẹ̀. Èyí tó bá gbẹ kì í kú, sísùn ló ń sùn. Aṣọ lásán ni wọ́n pè é ní ibodè.”

Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ ọn, wọ́n jókòó tì í. Ó pẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Àfi lójijì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń wú, tó ti ọmọrí sókè!

“Ó ti wú o! Ó ti wú!” ni opó náà ké.

Ọkùnrin náà fò sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ń ké sí gbogbo àdúgbò: “Ẹ gbé abọ́ wá! Ẹ wá bu tiyín!”

Ìyá Moróhùnfólú, èyí tó gbé mọ́ àyà ló fọ́. Èyí tó fi ìkùnsínú fúnni ló padà wá gbà á là. Ẹ̀yin náà sì ń lé àwọn ọmọ iṣẹ́ yín síta bí ẹ bá fẹ́ po aró. Lọ́jọ́ tí ìkòkò yín bá fọ́, ìborí ta ni ẹ ó tú? Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ẹ pè wọ́n wọlé.