Awakọ̀ Tó Padà Lọ Dúpẹ́ Àná

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lórí òkè, awakọ̀ ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, jíìpù àtijọ́ kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ náà ti gbó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò sì ṣeé ṣí láti inú, àfi kí ènìyàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì lágbára, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn ní ìlú náà tó lè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn wà.

Òun ló ń gbé aláìsàn. Òun ló ń gbé aboyún. Òun náà ló ń gbé iṣu lọ sọ́jà, tó sì ń gbé iyọ̀ bọ̀. Bí jíìpù yẹn bá dúró, ìlú dúró nìyẹn.

Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ ní òkè náà kò dára. Òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, àpáta sì ti yọrí láàárín ọ̀nà bí eyín àgbàlagbà. Gbogbo ìgbà tí jíìpù bá ń kọjá ni àpáta ń ha á níkùn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òkúta lu abẹ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí gbogbo ọ́ìlì rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá wà nínú ọkọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi èjìká gbé obìnrin náà dé ìsàlẹ̀, Ọlọ́run ló sì yọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn awakọ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ìyàwó tirẹ̀ náà wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé lọ. Agbẹ̀bí ìlú ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà dábùú nínú, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tó dé. Ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan lọ ní òpin ìlú lọ́hùn-ún. Ọ̀gá Sùfíyánù ni wọ́n ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ fún awakọ̀ pé, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, àpáta ò ní í tẹrí ba fún wa. Ọkọ̀ yìí la máa gbé ga."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ dúró, ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin palẹ̀. Ó kó àwọn irin súpírín tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ sì fi òòlù lù wọ́n títí wọ́n fi tún tẹ̀ kọrọdọ bíi tuntun. Ó wá irin súpírín ọkọ̀ akẹ́rù kún un. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì kúkúrú, ó fi èyí tó gùn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Àpáta tó ń ha á níkùn kò lè dé ibẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti di nǹkan mú kó tó lè gòkè.

O ò bá rí awakọ̀ lọ́jọ́ náà! Ó gun orí ìjókòó, ó sì rí ìlú bí kò ṣe rí i rí. Ó ń wo òrùlé ilé. Ó ń wo orí àwọn ọkùnrin tó ń kọjá, ó sì mọ àwọn tó ti ń pá lórí tí wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Mẹkáníìkì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó ń wò ó, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ju ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé o! Ọlọ́run á san án fún yín!" Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Ọpẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti orí ìjókòó lókè ló ti wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó palẹ̀ mọ́ láti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Èrò méje mìíràn náà wọ ọkọ̀. Obìnrin aláta kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan sì wà níbẹ̀ tó ń lọ gba oògùn ojú. Wọ́n gbé ìyàwó náà jókòó níwájú. Ọkọ rẹ̀ tan ọkọ̀, ó sì fẹ́ kọrí sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ ò tíì dúpẹ́ àná."

Ìwọ náà mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ṣe wá lóore lónìí, ọ̀la ni a máa ń jí lọ sọ fún un pé ẹ ṣé àná. Abọ́ ọbẹ̀ kan lásán, a ó dúpẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Awakọ̀ ní, "Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ti àná ni mò ń wí."

"Òpin ìlú lọ́hùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọ̀nà ibí la sì ń lọ. Màá pè é lórí fóònù."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Fóònù kì í dọ̀bálẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá tí ẹ fi kí i. Ọkùnrin tó fi ọ̀sẹ̀ kan sùn sábẹ́ ọkọ̀ yín!"

Aláta pariwo láti ẹ̀yìn. "Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọjà ò ní í dúró dè mí o!"

Bàbá arúgbó ló dá a lóhùn. "Jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Awakọ̀ pòṣé. Ó yí ọkọ̀ padà. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni ìyàwó òun sọ. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní í lò ju ìṣẹ́jú kan lọ níbẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kún fún ọkọ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀, kò sí àyè. Etí gọ́tà ló dúró sí, táyà iwájú kan sì rì wọ inú gọ́tà náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ wá rọ̀ dirodiro. Kò bìkítà. Ó fò sílẹ̀. Ọ̀gá Sùfíyánù jókòó sórí táyà, ó ń mu ògì. Awakọ̀ fẹ́ tẹrí ba díẹ̀ kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe bojú wẹ̀yìn, ojú ìyàwó rẹ̀ ló rí. Ojú yẹn kò ní í gba ìtẹríba lásán. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan yanrìn.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé àná o. Ẹ ṣé gan-an ni."

Mẹkáníìkì gbé abọ́ ògì sílẹ̀. "Háà, Bàbá Morẹ́nikẹ́! Ẹ dìde, ẹ dìde."

Awakọ̀ kò dìde. Abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló kọjú sí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wa ọkọ̀ náà, ojú rẹ̀ kò sì tíì bá ilẹ̀ dọ́gba níwájú rẹ̀ rí. Ó rí ohun kan tó kán sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó wà nínú gọ́tà. Ó tún kán.

Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló ń kán nì?"

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Òun náà bá dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè rí i. Ni àwọn èrò ọkọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Aláta ní, "Ẹ wo àwọn àgbà méjì! Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ta?"

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ táyà. Nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, rọ́bà náà gùn tó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni mẹkáníìkì ti wò ó lánàá, ó sì rò pé ó ṣì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọkọ̀ ti ga, tí táyà kan sì rọ̀ sínú ihò, rọ́bà náà ti fà gbọn-in bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ọrùn rẹ̀ ti là, òróró sì ń jò níbẹ̀. Mẹkáníìkì fi ìka méjì fà á. Ó já sí i lọ́wọ́.

Ó dìde jókòó sórí ilẹ̀, ó ń wo rọ́bà náà. Ó ní, "Mo gbé ọkọ̀ ga, mo sì fi èyí sílẹ̀ ní gígùn àtijọ́. Ihò kan péré lọ́nà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, ẹ ò bá tẹ bíréèkì kó má mú ọkọ̀ dúró."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn èrò. Gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà náà. Ihò ibẹ̀ kò lóǹkà, ọ̀gbun sì wà lápá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láìsí ẹni tó sọ fún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Awakọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. Omi bọ́ lójú ọkọ rẹ̀.

Mẹkáníìkì ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, èmi ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ká ní ẹ ò padà wá ni, ẹ̀mí ènìyàn mẹ́sàn-án ni ì bá wà lọ́rùn mi títí n ó fi kú."

Ó wá rọ́bà tó gùn, ó fi sí gbogbo ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ló fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kó rọ̀ dé ibi tó lè rọ̀ dé, ó sì wò ó fínnífínní. Oòrùn ti dé àtàrí kó tó parí. Ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Aláta gan-an ló lọ ra àkàrà fún gbogbo wọn, kò sì dárúkọ ọjà mọ́.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àpáta kankan kò fọwọ́ kan ikùn ọkọ̀. Ní ìgbà kan, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ jù lọ, táyà iwájú já sínú ihò, ọkọ̀ sì tẹ̀ sápá ọ̀gbun. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Gbogbo èrò ṣe àmín láìsí ẹni tó gbàdúrà.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó náà bímọ. Dókítà ló ṣí i ní ikùn gbé ọmọ náà jáde, tìyá-tọmọ sì yè. Wọ́n ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún dókítà, fún nọ́ọ̀sì, àti fún obìnrin tó ń gbálẹ̀. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé, mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìgbà náà gan-an ló pé.

Ọ̀rẹ́ mi, nítorí rẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Wọ́n ti gbé ọ ga lọ́dún yìí, inú mi sì dùn sí i, mo bá ọ yọ̀. Òkúta tó ń fi ara ha ọ́ tẹ́lẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n gíga máa ń fa nǹkan kan le lára ènìyàn, ẹni tó sì jókòó sókè kì í rí i. Ibi tí a bá ti rẹ ara wa sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe wá lóore ni ojú wa ti máa ń tó o. Má rò pé nítorí olóore ni mo ṣe ní kí o padà lọ. Òun kò retí rẹ. Bí o kò bá lọ, kò ní nǹkan kan tí yóò pàdánù. Ìwọ lo ní ìsọ̀kalẹ̀ níwájú.

Obìnrin tó gbà ọ́ sílé nígbà tí o kò ní ibi tí wàá sùn sí ṣì wà láàyè. O dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó o kó ẹrù rẹ jáde, mo mọ̀, o sì dúpẹ́ dáadáa. Ìgbà wo lo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kẹ́yìn? Mo gbọ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Lọ kí i, nígbà tó ṣì lè rí ọ kó sì mọ̀ pé ìwọ ni.