Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Làsísì Gbẹ́ fún Àna Rẹ̀

Làsísì gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ràn bàbá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé bàbá náà ló bí i lọ́mọ. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ọ̀fà, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Bùsárì fi wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò láti Ìdó lọ sí Kánò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti dá a jókòó báyìí. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún lókèèrè, yóò dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró, yóò sì kọjú sí fèrèsé.

Èyí ló mú kí Làsísì pinnu láti fi igi gbẹ́ ọkọ̀ bàbá ní kékeré. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni, irú tí wọn kò lò mọ́, Làsísì kò sì fara balẹ̀ wò ó rí nígbà ayé rẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́ kí ó bá bàbá lójijì, kò bi í ní nǹkan kan.

Àwọn ará àdúgbò ló ń bi. Ìyá Ṣàkírà tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ sọ pé àwọ̀ ewé ni láti orí dé ìdí. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà búra pé pupa ni, pé imú rẹ̀ sì gùn síwájú bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo tó wà nílé kò wúlò, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó tò síwájú ọkọ̀ náà ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Làsísì bá mú díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oníkálukú: ó kun òkè ní pupa, ó kun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì fún un ní imú tí kò gùn tí kò kúrú.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ṣàdúrà gidi fún àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára púpọ̀, ọmọ mi. Ìlú wo ni wọ́n ti ń wa irú ọkọ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Làsísì. Ìyàwó rẹ̀, Múlíkátù, ló tù ú nínú.

"Ohun tí kálukú rántí ni wọ́n sọ fún ọ," ni ó wí. "Ìwọ fúnra rẹ, lọ wò ó. Wọ́n ní àwọn tí wọn kò lò mọ́ wà ní Jẹ́bà."

Nígbà tó dé Jẹ́bà, ọdẹ tó ń ṣọ́ ọgbà tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ sí rò pé irin àlòkù ló wá rà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé e wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣáájú rẹ̀ wọ inú koríko. Ọkọ̀ náà nìyẹn, nọ́ńbà tí bàbá máa ń pè bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni lóòótọ́, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ínrín bí ìgbànú. Imú rẹ̀ kúrú, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Làsísì fi téèpù wọn gbogbo rẹ̀, ó ń yà á sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà ló gun orí ìjókòó awakọ̀. Pákó etí fèrèsé ibẹ̀ ti ní kòtò kékeré kan. Ẹni tó mọ igi ni, ó mọ̀ pé kì í ṣe ayùn tàbí òòlù ló dá a. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó wọn kòtò náà pẹ̀lú kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ọkọ̀ kejì lé orí itan bàbá. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ imú ọkọ̀ náà, ó ka àtẹ̀gùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó dé kòtò kékeré etí fèrèsé, ó sì dúró.

"Ìgbọ̀nwọ́ mi nìyí," ni ó wí. Omi lé ròrò sí i lójú. "Múlíkátù, ọkọ rẹ dé inú ọkọ̀ mi."

Ìyá Ṣàkírà àti Ọ̀gbẹ́ni Àlàó wá wò ó, kò sì sẹ́ni tó tún jiyàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn ní àdúgbò wọn, tó fi di òwe tí àgbà ń pa: ìròyìn kò tó àfojúbà.