Ewé Kan Tó Kù

Ọ̀fìnkìn mú Oyèbísí, ìyàwó tuntun, nígbà ọyẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ fún un ní àgbo efinrin, ó fi òrí pa á láyà, ṣùgbọ́n ikọ́ ò lọ. Ìdájí ìdájí ni Oyèbísí ṣì ń lọ pọnmi lódò, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó mi, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ìsinmi lèyí tó kù. Padà lọ sùn."

"Màámi, kí ni aráyé yóò wí?"

"Wọn á ní mo fẹ́ràn rẹ."

Ìyá gbé korobá, ó forí lé odò. Oyèbísí sunkún díẹ̀ lábẹ́ aṣọ, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó jí, ikọ́ ti rọlẹ̀, ebi sì ń pa á.