Ajíbóyè àti Igi Ìdábùú Ẹnubodè Ìlódi

Ní ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìbọn yóò wà láyé, ìlú Ìlódi ní odi amọ̀ gíga àti ẹnubodè kan ṣoṣo. Igi ìrókò ni wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan péré ló gbọ́dọ̀ gbé e. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Ajíbóyè ló ń gbé e láti ìgbà èwe rẹ̀: Ajíbóyè ọkọ Àṣàbí, eléjìká bí òkè, ọkùnrin tó gbé igi tí igi kò gbé e ṣubú. Bó ṣe ń gbé e lójoojúmọ́ ni ẹran apá rẹ̀ ń ki sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó kì í gba ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí itan rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́, tí èémí rẹ̀ sì ń kúrú, àwọn ìjòyè yan ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúndèjì pé kó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún iṣu.

Lọ́jọ́ tí Ògúndèjì kọ́kọ́ dán igi náà wò, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ odó. Àwọn obìnrin hó yèè. Àṣàbí pàápàá pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ yẹn ló sì gún Ajíbóyè lọ́kàn.

Àṣà Ìlódi ni pé àrólé kò gbọdọ̀ bá àgbà oníbodè jiyàn.

“Ọmọ mi,” ni Ajíbóyè wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, “agbára dà bí omi inú ìkòkò, ẹni tó bá ń bù ú lójoojúmọ́ yóò bá a ní gbígbẹ. Má fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Má pọn omi. Jókòó, máa jẹun, kí agbára rẹ lè pé dọjọ́ ìgbapò.”

Ògúndèjì dọ̀bálẹ̀. “Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun.”

Ó jókòó títí iṣu tuntun fi jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àmọ́ apá rẹ̀ rọ̀ bí iyán.

“Baálé mi,” ni Àṣàbí bi ọkọ rẹ̀, “ṣé àgbò ọdún lẹ ń bọ́ ni, àbí oníbodè?”

“Pa ẹnu rẹ mọ́. O kò ṣáà ní pàtẹ́wọ́ fún un mọ́.”

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìgbapò, Ajíbóyè gbé igi náà kọjá orí, ó sì dì í mú níbẹ̀, kí gbogbo ojú lè rí òun. Nǹkan kan já ní èjìká rẹ̀ bí okùn gbígbẹ. Ó fi ẹ̀rín bò ó, ó sì fi aṣọ bo wíwú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn akónilẹ́rú yọ láti inú igbó. Ògúndèjì sáré sí ìdí igi. Ó gbé e dé orúnkún, apá rẹ̀ gbọ̀n, igi já bọ́.

“Bàbá, kò ṣeé gbé o! Kí ló ṣe mí?”

Ajíbóyè dúró. Ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyí: kí ọmọ náà tẹ́ lójú ìlú. Ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá ti dé etí yàrà ẹ̀yìn odi. Ó ki èjìká tó já bọ abẹ́ igi.

“Bàbá, èèwọ̀ ni!”

“Èmi ni mo ti kọ́kọ́ ṣe èèwọ̀. Jíjókòó tí mo ní kí o jókòó ló jẹ apá rẹ. Gbé e, ọmọ!”

Igi bọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn ọ̀tá lu ilẹ̀kùn títí ó fi sú wọn.

Ìjòyè pa èèwọ̀ náà rẹ́. Ajíbóyè, tí apá rẹ̀ ti rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta kékeré, lẹ́yìn náà èyí tó tóbi díẹ̀, Ògúndèjì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí agbára ọmọ náà fi padà. Ti àgbà falẹ̀, kò sì padà tán.

“Gbé apá yẹn kúrò níwájú mi,” ni àgbà máa ń wí fún ọmọ náà. “Èmi náà ti ní irú rẹ̀ rí.”

Lọ́jọ́ ikú àgbà náà, Ògúndèjì gbé e jáde sí oòrùn bí ọmọ ọwọ́. Ajíbóyè tẹ ẹran apá ọmọ náà wò.

“O lágbára jù mí lọ.”

Àgbà náà kò tíì gbé ẹrù tó wúwo tó gbólóhùn yẹn rí.

Ẹ̀bá ẹnubodè ni wọ́n sin ín sí. Lọ́dọọdún ni ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé òkúta tó ju ti èṣí lọ wá sí ojú oórì náà. Odi Ìlódi ti wó tipẹ́. Òkìtì Ajíbóyè ṣì ń ga.