Lẹ́bí Kò Kó Ìdàrọ́ Òjé

Omi-ò-gbàgbé, awo etí òkun. Òjé-wúwo-kò-léfòó, awo ìsàlẹ̀ ibú. Àwọn méjèèjì ló dífá fún Lẹ́bí apẹja, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ etí òkun ń rọ, tí Mọrádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì lóyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án.

Kúsìmọ́ ló ń yọ́ òjé tí gbogbo apẹja fi ń so ẹsẹ̀ àwọ̀n. Ẹnu odò ló ń da ìdàrọ́ rẹ̀, ìdọ̀tí tó ń kù lẹ́yìn yíyọ́, sí, níbi tí ọ̀bọ̀kún ti ń jẹ̀. Ẹja ń jẹ májèlé náà, ènìyàn sì ń jẹ ẹja. Kúsìmọ́ àti Lẹ́bí kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jà nítorí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́.

Awo ní kí Lẹ́bí rúbọ. Wọ́n ní ẹbọ náà kì í ṣe ẹran. Kí ó kó ìdàrọ́ kúrò lẹ́nu odò, kí ó rì í mọ́lẹ̀ lókè, kí ilé rẹ̀ má sì jẹ ẹja ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Lẹ́bí rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo dà á ni? Kí Kúsìmọ́ tó dà á wá fi eyín kó o!"

Mọrádéyọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká kó o. Oyún kò mọ ẹni tẹ́ ẹ bá jà."

"Láti ayébáyé ni òkun ti ń gbé ẹ̀gbin mì. Ṣé ìdàrọ́ ni yóò há a lọ́fun? Jẹ́ n ríbi jókòó."

Ó pa àgbò dípò. Ó ní irọ́ ni awo pa. Nígbà tí àwọ̀n àkọ́kọ́ ọdún wọlé, ó gé orí ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù fún Mọrádéyọ̀, nítorí pé ní etí òkun, aboyún ló ni orí ẹja àkọ́kọ́. Mọrádéyọ̀ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́.

Ó bí Ọmọ́tẹ́hìnwá. Ọmọ pé ọdún mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ìgbà náà ni Lẹ́bí gbé igbá. Ó kó ìdàrọ́ láàárọ̀, ó kó o lọ́sàn-án. Kúsìmọ́ dúró létí omi.

"Lẹ́bí, ṣé ìwọ lo dà á ni?"

Lẹ́bí tún bu igbá kan kún. Ó kó o tán, ó rì í mọ́lẹ̀ lókè. Kúsìmọ́ kò dà á síbẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń sáré létí òkun. Lẹ́bí ń pe Ọmọ́tẹ́hìnwá láràárọ̀. Ọmọ́tẹ́hìnwá kò lè dá a lóhùn.

Ẹbọ kì í wá ẹni tó dá ọ̀ràn. Ẹni tó gbọ́ ni ẹbọ ń wá. Kí ẹni tó bá gbọ́ tètè rú u, kí ire rẹ̀ lè bá ọmọ tirẹ̀ nílé.