Èmi Ni Ara Mi Kò Le: Ìrìn Àjò Ọdẹ́sànyà sí Igbó Afarapamọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in kó tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní fọwọ́ bo ẹnu sọ ọ́. Èmi ni Ọdẹ́sànyà, ọmọ Ọdẹ́gbayì, ará Ìrágbọ̀n. Bàbá mi pa ẹkùn, bàbá tó bí bàbá mi pa erin, èmi náà sì ti dojú kọ ẹfọ̀n rí, ẹfọ̀n náà ló kọ́kọ́ yà lọ́nà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan bá mi, ìbọn kò ràn án, àdá kò ràn án. Nǹkan ọkùnrin mi kò dìde mọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, mo ní kò dìde mọ́! Ara ń rẹ̀ mí láti àárọ̀, inú ń bí mi láìnídìí, ọmú sì ń yọ láyà mi bí ti ọmọge. Mo sá tọ àgbo jẹ̀dí lọ. Ta ni nínú yín tí kò mọ̀ ọ́n? Àwa ọdẹ Ìrágbọ̀n gbà pé ọkùnrin tí ara rẹ̀ bá tutù, jẹ̀dí ló ń dà á láàmú, nítorí náà a máa ń rẹ egbò àti èèpo igi sínú ọtí líle, a ó gbé e mì ní ìrọ̀lẹ́ kí a tó wọgbó. Mo mu ún títí ìgò fi ń bẹ̀rù mi. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ńṣe ló ń fi gbogbo ọmọ rẹ̀ bí obìnrin.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó mi. Ó mọ ohun tó ń ṣe mí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyá tó bí i lọ́mọ kò gbọ́. Àwọn ará ilé mi rí i pé kò lóyún, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní àgàn ni. Wọ́n ń pòwe mọ́ ọn nídìí omi, wọ́n ń kọrin mọ́ ọn nídìí ọlọ, ó ń gbé e mì. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi, Ògúnrìndé, tí í ṣe olórí ẹbí wa, pe gbogbo ilé jọ. Ó ní bí ọdún ìjẹṣu bá fi dé tí Àwẹ̀ró kò lóyún, òun fúnra òun ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ síta, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ẹlòmíràn fún mi. Ara mi gbóná. Mo dìde láàárín ẹbí, mo ní, "Bàbá, kì í ṣe Àwẹ̀ró. Èmi ni ara mi kò le."

"Pa ẹnu rẹ dé!" ni Ògúnrìndé wí. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ọmọ Ọdẹ́gbayì ni yóò máa sọ níta pé òun kò lè ṣe ọkùnrin? O ò gbọ́ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ? Bí o bá fẹ́ wá ìtọ́jú, wá a. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí o bá dé, sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ló rán ọ. Bí àwa ọkùnrin ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, mo ti rí ẹni tí ikú pa. Mi ò tí ì rí ẹni tí ẹ̀sín pa." Wọ́n hó lé mi lórí, mo sì bọ́ síta.

Nígbà tí mo ń di àpò ọdẹ mi, Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má torí ọmọ lọ kú sínú igbó. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ o." Mo ní, "Àwẹ̀ró, nítorí ara mi ni mo ṣe ń lọ, àti nítorí orúkọ rẹ tí wọ́n ń bà jẹ́. Wọn ò ní gbé ẹrù rẹ síta kí n máa wò wọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni mo kọrí sí Igbó Afarapamọ́, níbi tí àwọn àgbà ọdẹ sọ pé Ìyá Àwòfín ń gbé, iwin tí ń rí inú ara ènìyàn bí a ṣe ń rí ìsàlẹ̀ omi tó tòrò.

Orúkọ ro igbó náà. Gbogbo igi ibẹ̀ ló fi ewé ró bí ìró títí dé ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí èèpo ara wọn. Ẹyẹ fi ìyẹ́ bo ẹnu kó tó kọrin, odò ń sá gba abẹ́ ewé gbígbẹ kọjá, ìgalà tí mo bá pàdé sì kọ̀dí sí mi, ó ní òun kò sí níbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín wọn títí ẹ̀dá kan fi fò já ọ̀nà. Àyà rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, akèrègbè kan sì ń hó nídìí rẹ̀ láìsí iná.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn tí ń rìn bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó wí, "èmi ni Agbára-Òjijì. Gbé èyí mì lẹ́ẹ̀kan, kí o di akọ màlúù lónìí."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọ̀la? Ṣé ọ̀la ló ń bú ọ ni?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n nà gbalaja lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n di àyà mú, ọkàn wọn ń lù kì kì kì. Iwin náà rí i pé mo ti rí wọn, ó bínú, ó ní, "Bó bá jẹ́ pé o gbọ́n, dá mi lóhùn, kí n tó jẹ́ kí o kọjá. Èwo ló lágbára jù, iná pòròpórò àbí iná ìtì igi?"

Mo ní, "Iná pòròpórò ló ga jù, òun náà ló ń pariwo jù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi, mi ò rí i kó gbé ìkòkò iṣu ka iná pòròpórò rí. Iṣu ni mo fẹ́ sè o, kì í ṣe eruku ni mo fẹ́ fẹ́. Kúrò lọ́nà!" Mo fi ìdí ìbọn tì í láyà, àyà ńlá náà sì fọ́ pòò, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo gba orí rẹ̀ kọjá.

Kò pẹ́ tí mo fi dé pápá kan. Àwọn ọkùnrin kún ibẹ̀ bámúbámú, ọmọdé àgbà, kálukú di àdó oògùn mọ́ àyà, wọ́n ń yọjú wo ẹ̀yìn igi, wọ́n sì ń pè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi dà?" Mo rí ẹnìkan láàárín wọn, jìnnìjìnnì bò mí. Akínfálá ni, ògbójú ọdẹ ìlú wa tí a ní ẹfọ̀n pa.

"Bàbá Akínfálá! Ẹ̀yin rèé? A ti ṣípà ọdẹ fún òkú yín nílé!"

"Rọra pè mí," ni ó wí. "Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá. Mo sọ fún Ìyá Àwòfín pé ọ̀rẹ́ mi kan ni ara rẹ̀ kò jí. Ó po oògùn fún mi, ó ní kò ní jẹ́ lára ẹlòmíràn àfi lára ọ̀rẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a. Mi ò lè wálé láìrí i."

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rẹ́ náà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rọra, kí ará ìlú má gbọ́."

"Ìlú wo? Ọ̀bọ àti iwin ló wà níbí!"

"Ọ̀bọ náà lẹ́nu," ni ó dá mi lóhùn, ó sì tún yọjú wo ẹ̀yìn igi. Inú bí mi, àánú sì ṣe mí. Ọkùnrin tó dúró de ẹfọ̀n ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀bọ ń lé kiri yìí! Mo búra níbẹ̀ pé bó bá jẹ́ gbogbo ayé ni yóò gbọ́ tèmi, kí wọ́n gbọ́.

Ilé Ìyá Àwòfín kò jìnnà síbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ẹnu bí ènìyàn, ó sì bi mí pé, "Ta ni ara rẹ̀ kò le?" Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ìmọ̀ràn Ògúnrìndé dé orí ahọ́n mi. Mo tu ú dànù. Mo ké pé, "Èmi ni! Èmi Ọdẹ́sànyà, ọmọ Ọdẹ́gbayì! Nǹkan ọkùnrin mi ni kò dìde!" Ohùn mi ró lọ jìnnà nínú igbó, ìró ewé já bọ́ lára àwọn igi tó wà nítòsí, ilẹ̀kùn sì ṣí. Arúgbó kúkúrú kan jókòó nínú ilé, ojú kọ̀ọ̀kan wà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò mí.

"O kígbe o," ni ó wí. "Ṣé ojú ò tì ọ́?"

"Ojú tì mí, Ìyá. Mo sì wá."

"Bí mo bá fún ọ lókun tí ọmọ kò dé, ṣé ọkùnrin ni wàá máa jẹ́?"

"Ìyá, kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń jẹ́ ọkùnrin nílé bàbá mi. Mo wá tọ́jú ohun tó ń ṣe mí ni. Mi ò wá tọrọ orúkọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀gún gún àtàǹpàkò mi, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ewé, ó fi ìka rẹ̀ wò ó. Àwọn ẹ̀dá kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀jẹ̀ náà. "Ìránṣẹ́ ara nìwọ̀nyí," ni Ìyá wí. "Ọ̀gá wọn ń gbé abẹ́ ọpọlọ rẹ. Bó bá fọhùn, wọn yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ sáré lọ sí kórópọ̀n, wọn yóò ní kó ṣe omi okun tí ń mú irùngbọ̀n hù, tí ń mú ara le, tí ń jí nǹkan ọkùnrin. Fojú ara rẹ wò wọ́n." Mo wò wọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn kan ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, àwọn kan ń tòògbé lórí ìdúró, àwọn tó yẹ kó pọ̀ kéré, àwọn tó yẹ kó kéré sì pọ̀. Mo jágbe mọ́ ọ̀kan, "Kí ló dé tí o kò jíṣẹ́?"

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá ọdẹ. Ojú oorun la ti ń gba iṣẹ́ wa, ẹ̀yin kì í sì í sùn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ẹ ó tún da ọtí lé wa lórí, ẹ ní jẹ̀dí lẹ ń lé. Jẹ̀dí wo? Àwa lẹ ń lé!"

Mo fa ìgò àgbo yọ nínú àpò, mo dà á sílẹ̀ lójú wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ìyá ní, "Mi ò ní bá ọ̀gá wọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó má baà sùn lọ fọnfọn. Gba oògùn yìí, òun ni yóò jí i. Máa padà wá kí n máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, nítorí àpọ̀jù okun náà àìsàn ni. Fi ọtí sílẹ̀. Fi ọdẹ òru sílẹ̀, kí o máa sùn."

"Ìyá! Ọdẹ tí kì í ṣọdẹ òru? Wọn á ní eku ni mò ń pa!"

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ tẹ́lẹ̀?" Ó tún ní, "Mú ìyàwó rẹ wá kí n wo òun náà. Kì í ṣe pé mo dá a lẹ́bi, ẹni méjì ni ń bímọ ni. Ti ọmọ, mi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, Akínfálá sá tọ̀ mí wá ní pápá. "Ṣé o rí ọ̀rẹ́ rẹ?" Mo ní, "Mo rí i, Bàbá. Èmi ni." Ó wo àdó ọwọ́ rẹ̀ títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yí ẹsẹ̀ padà sí ilé Ìyá Àwòfín. Mi ò mọ̀ bóyá ó lè lanu nígbà tó débẹ̀. Èmi ń sáré lọ sílé ní tèmi, nítorí ọdún ìjẹṣu ti wọlé dé.

Mo dé, mo bá ẹrù Àwẹ̀ró níta lóòótọ́. Àpótí rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, òun jókòó lé e, ẹbí dúró yí i ká, àwọn tó ń ti ìdí ọdún bọ̀ sì dúró ń wòran. Ògúnrìndé ní, "O dé lásìkò. Sọ fún un kó máa lọ." Mo gun orí òkúta tó wà níwájú ilé wa, mo ké pé, "Ẹ̀yin ará Ìrágbọ̀n, Àwẹ̀ró kì í ṣe àgàn tí wọ́n ń pè é. Èmi ni nǹkan ọkùnrin mi kò dìde. Kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, ó kàn ń bo àṣírí mi ni. Mo ti gba ìtọ́jú, mo ṣì ń gbà á. Ẹni tó bá gbé e lọ, kó gbé èmi náà lọ." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ògúnrìndé ní, "O ti bà wá jẹ́!" Mo ní, "Bàbá, Àwẹ̀ró lẹ ti ń bà jẹ́ láti ọjọ́ yìí, kò sì dùn yín."

Àwọn aya ilé sáré wá láti gbé àpótí náà wọlé. Àwẹ̀ró dìde, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Bàbá ló gbé e síta. Bàbá ni yóò gbé e wọlé." Ògúnrìndé wo ẹbí, ẹbí wolẹ̀. Ó wo àwọn ará ìlú, àwọn ará ìlú ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó tẹ̀, ó gbé àpótí náà rù, ó wọlé. Àwẹ̀ró tẹ̀lé e, ó ń sọ ibi tí yóò gbé e kà fún un.

Ẹ̀yin tó ń fojú bi mí léèrè, ara mi ti ń jí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òru ni mò ń sùn báyìí, ọ̀sán ni mò ń ṣọdẹ, ẹni tó bá wù kó pè mí ní apeku. A kò tí ì bímọ. Bóyá a ó bí, bóyá a kò ní bí, Àwẹ̀ró ni ìyàwó mi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má gbé ẹrù tí kì í ṣe tiyín títí ọrùn yín yóò fi wọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, àìsàn tó ṣe é wò ni, ẹni bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti Àwẹ̀ró ń padà lọ kí Ìyá wo ẹ̀jẹ̀ wa. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, ẹni tí yóò bá wa lọ, kó dìde dúró nísinsìnyí, lójú gbogbo wa.