Ọ̀rọ̀ Méjìlá Lágbàlá Aláró
Olóyè Ṣógbàmú ló ni àgbàlá tí àwọn aláró ti ń sá àdìrẹ. Lọ́jọ́ kan, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ Ìbídùnní aláró, ó ní òun ò ní dá a padà àfi tó bá fún òun ní ọ̀rọ̀ méjìlá tó ń ṣí àpamọ́wọ́ kírípítò rẹ̀, ìyẹn owó orí ayélujára, lórí fóònù èyíkéyìí. Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, àgbàlá yín yìí náà ni mo kọ wọ́n sí. Bí ẹ bá rí wọn kí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá yìí tó gbẹ, gbogbo owó ibẹ̀ di tiyín. Bí ẹ ò bá rí wọn, ẹ fún mi ní fóònù mi." Olóyè gbà lójú gbogbo aláró. Ó tú àpò Ìbídùnní, ó gbọn Bíbélì obìnrin náà, ó yẹ ìdí ìkòkò aró wò. Bó bá ti wá ibì kan tán, á sáré padà wá fọwọ́ fún aṣọ náà: "Kò tíì gbẹ! Àyè ṣì wà!" Nígbà tó fọwọ́ fún un lẹ́ẹ̀karùn-ún, aṣọ ti gbẹ táútáú. Ó dá fóònù padà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Ìbídùnní wí. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ojú méjìlá ló pín àdìrẹ náà sí, ó sì ya nǹkan kan sí ojú kọ̀ọ̀kan: ẹja, àkàbà, agboòrùn, aláǹgbá, títí dé ìkejìlá. Ó tẹ orúkọ wọn sínú fóònù bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, owó rẹ̀ sì yọjú bó ṣe wà. Ní ti Olóyè, odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi kànìnkànìn fọ aró ọ̀rọ̀ méjìlá náà kúrò lọ́wọ́.